Iṣẹ́ Tiwa àti "Work" Àwọn Òyìnbó

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé kí ni à ń pe "work" ní èdè Yorùbá, kò ní í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn pé "iṣẹ́" ni. Olùkọ́ yóò fún un ní máàkì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Èmi náà kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò wọn ní ibì kan náà, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé, tiwa ni ó ń yí ìwà padà. Mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ wọn díẹ̀, pàápàá bí mo ti mọ̀ ọ́n ní Ara, ìlú tí a bí mi sí ní agbègbè Èjìgbò. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi sùúrù bá mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kí àlejò. "Work" ti pẹ́ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Jámánì tí èdè wọn bá tiwọn tan ní "Werk" tiwọn. Nígbà àtijọ́ ẹni tí ó ń kan àgbá kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè ní "wheelwright", inú "work" yìí náà sì ni "wright" ti wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣi "playwright" kọ, tí a ń rò pé "write" ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kan eré bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti í kan àga ni wọ́n ń wí. "Work" ni wọ́n tún ń pe ìwé tí òǹkọ̀wé kọ. Òun ni wọ́n ń lò bí aago bá ń rìn. Òun náà ni wọ́n ń lò bí oògùn bá jẹ́. Ẹ wo bí a ti gba èyí lọ́wọ́ wọn láìfura: àwọn bàbá wa a máa sọ pé oògùn jẹ́, ṣùgbọ́n lónìí à ń sọ pé oògùn náà "ṣiṣẹ́", bí ẹni pé ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

Àwọn onímọ̀ físíìsì tún gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fún un ní ìtumọ̀ tí ó lè pa ìyá ọlọ́jà lẹ́rìn-ín tàbí kí ó bí i nínú. Láti 1829 tí Coriolis, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, "work" di ìwọ̀n agbára tí a fi ti nǹkan, tí a fi ìwọ̀n ọ̀nà tí nǹkan náà rìn sí ìhà ibi tí a tì í sí sọ di púpọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Wàyí o, bí obìnrin kan bá ru agbọ̀n iṣu láti Ara lọ sí ọjà Èjìgbò, bí ọ̀nà bá tẹ́jú, tí ìrìn rẹ̀ sì ṣe déédéé, òkè ni ó ń ti ẹrù náà sí, iwájú ni ẹrù náà sì ń lọ. Òdo ni ìṣirò náà yóò jẹ́. Ìgbà tí ó gbé ẹrù karí ni ó ṣe "work" lórí rẹ̀. Gbogbo òógùn ojú ọ̀nà, kò sí nínú ìwé. Ẹni tí ó bá láyà, kí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọjà kí ó sọ ọ́ fún un.

Ó tó nípa àlejò. Onílé ńkọ́?

Iṣẹ́ tiwa kò dá nìkan wà. Bí a bá rán ọmọdé lọ sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ni a rán an. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí ó sọ ohun tí a ní kí ó sọ, ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni a ti rí ìránṣẹ́. Ohùn kan náà ni ti iṣẹ́ tí a ń fi ọkọ́ ṣe àti ti iṣẹ́ tí a ń fi ẹnu jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ ohùn àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó di ìṣẹ́, èyí tí í mú ènìyàn ta aṣọ ọrùn rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ka Aláwìíyé Olóyè J. F. Ọdúnjọ tí kò mọ bí ewì inú rẹ̀ ti mú iṣẹ́ àti ìṣẹ́ kojú ara wọn, nítorí náà n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé, lójú tèmi, iṣẹ́ nínú èdè wa kì í ṣe agara ara nìkan. Ó ní ẹni tí ó rán ni, ó sì ní ẹni tí a ṣe é fún.

Bí ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ wo ìkíni wa. Gẹ̀ẹ́sì lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kọjá kí ó má wí nǹkan kan. Àwa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ti ẹni tí kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó wí. Àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè, "Àroko bọ́dún dé o" ni a ń kí i. Aláró, "Àredú o". Alágbẹ̀dẹ, "Àrọyè o". Onídìrí, "Ojú gbooro o". Ẹni tí ó pàtẹ ọjà, àdúrà ajé ni a ń gbà fún un, pé kí ajé wọ igbá. Ìkíni kọ̀ọ̀kan mọ irú iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, ó mọ ewu rẹ̀, ó sì mọ ohun tí oníṣẹ́ náà ń retí. Kí ni a wá ń kí akọ̀wé tí ó jókòó sídìí tábìlì? "Ẹ kú iṣẹ́" lásán ni. Mo ti ń wá ìkíni mìíràn fún un láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, n kò tíì rí i.

Bí a ti ní ìkíni púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ní orúkọ púpọ̀ fún ọ̀nà tí ènìyàn fi lè ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ní oko Ara, bí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí agbára wọn dọ́gba bá pawọ́ pọ̀, tí wọ́n kọ ebè ní oko ẹni kìíní lónìí, tí wọ́n dé oko ẹnì kejì lọ́la, tí wọ́n fi yí wọn kárí, àárò ni. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá bá kọ igba ebè mọ̀ pé igba ebè ni òun jẹ. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ilé tàbí kí ó bo òrùlé, ó lè bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní ọ̀wẹ̀. Òun ni yóò se oúnjẹ, òun ni yóò pèsè ohun mímu. Ẹni tí ó ń fẹ́ ìyàwó a sì máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko àna. Ẹni tí kò lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn rí, kí ó má ṣe bẹ ọ̀wẹ̀ tirẹ̀, nítorí òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ oúnjẹ náà tán.

N kò wí pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Ìwọ̀fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn, iṣẹ́ tí ó ń ṣe náà sì ni èlé orí owó. Kò dín kọ́bọ̀ kan nínú owó náà fúnra rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé pé ọgọ́rùn-ún ebè ni ìwọ̀n iṣẹ́ òòjọ́ lóko, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀fà tí ó lágbára lè ṣe é tán kí ó sì ráyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí a fi sọ́fà nítorí owó òkú bàbá àgbà rẹ̀, tí ó dàgbà sí ibẹ̀, ta ni yóò ka ebè tirẹ̀? Ìjọba òyìnbó fi òpin sí i, mo sì kí wọn fún èyí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àgbàro, iṣẹ́ oko tí a ń gba owó lé lórí. Ẹ wò ó dáadáa: àárò, ọ̀wẹ̀, ìwọ̀fà, àgbàro. Èyí ìkẹyìn nìkan ni ó jọ ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn tí ó níṣẹ́ àti àwọn tí kò ní in. Nínú mẹ́rin, wọ́n mú ẹyọ kan.

Báwo ni ẹyọ kan náà ṣe wá gba orúkọ gbogbo wọn? Díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ojú wọn ṣì là sí ìyàtọ̀ inú èdè wa. Ìwé tí ó sọ ohun tí àwọn Àpọ́sítélì ṣe, wọn kò pè é ní Iṣẹ́. Ìṣe ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n níbi tí Jákọ́bù ti ń bá àwọn tí ó ń fi ẹnu lásán gbàgbọ́ wí, iṣẹ́ ni wọ́n lò. Ìwà àti ohun tí ènìyàn gbé ṣe wà ní ọ̀tọ̀, òógùn ojú wà ní ọ̀tọ̀.

Rélùwéè ni ó yí ọ̀rọ̀ padà ju ìwé lọ. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí yóò fi di 1912 ó ti gba Ẹdẹ àti Òṣogbo kọjá, ó ti dé Kánò. Pẹ̀lú rẹ̀ ni irú ènìyàn tuntun dé: lébìrà tí ó ń gba owó òòjọ́ àti akọ̀wé tí ó ń gba owó oṣù. Alágbẹ̀dẹ ní agbẹ̀dẹ rẹ̀, àgbẹ̀ ní oko, ọlọ́jà ní ìsọ̀. Nísinsìnyí a tún ní ilé kan tí kò ní orúkọ mìíràn ju iléeṣẹ́ lọ, bí ẹni pé kò sí ibòmíràn tí a ti ń ṣiṣẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ tí ó ń bá iṣẹ́ rìn náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn a máa kọ́ iṣẹ́, a máa ṣe iṣẹ́, a sì máa fi iṣẹ́ jogún fún ọmọ. Nísinsìnyí ènìyàn ń wá iṣẹ́, ó ń rí iṣẹ́, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń lé e níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi rò ó: ta ni ó lè lé alágbẹ̀dẹ kúrò nídìí ẹwìrì bàbá rẹ̀? Iṣẹ́ ti di ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí a ń lọ tọrọ.

Ṣùgbọ́n èdè wa kì í gba ìyà láìfèsì. Ní oṣù June 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè, tí ó ju 30,000 lọ, da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, pẹ̀lú Michael Imoudu láàárín àwọn aṣáájú wọn, nítorí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó wọn kò sì kúrò lójú kan. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà. Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú èyí ní "strike", èyí tí í ṣe lílù. Àwa ń pè é ní iyanṣẹ́lódì. Ẹni tí a bá yàn lódì, a kì í kí i, a kì í bá a sọ̀rọ̀, bí a tilẹ̀ jọ ń gbé inú ilé kan náà. A ń dúró de àgbà tí yóò parí ìjà náà ni. Bí òṣìṣẹ́ ṣe yan iṣẹ́ lódì nìyẹn. Kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì lù ú. Ó ń bínú sí i ni. Ẹni tí ó hun ọ̀rọ̀ yìí, ẹni yòówù kí ó jẹ́, ó gbọ́ Yorùbá.

Ní oṣù January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́pọ̀ yanturu, ọdún díẹ̀ sí i wọ́n jáde, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Oko ń bẹ, ilẹ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n oko kì í ṣe iṣẹ́ mọ́ lójú wọn. Kí ni ìjọba ṣe? Nígbà tí 1960 ń kan ilẹ̀kùn, ó dá oko sílẹ̀ ní Ìlọrà, ní Akùfọ̀ àti ní ibòmíràn, lọ́nà tí wọ́n wò lára àwọn ará Ísírẹ́lì, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì ń fún àwọn ọ̀dọ́ náà ní owó díẹ̀ títí irè oko yóò fi tó kórè. Lọ́rọ̀ kan, a ní láti sọ oko di iléeṣẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ tó gbà pé iṣẹ́ ni. Púpọ̀ nínú wọn kò dúró níbẹ̀.

Àwọn ará agbègbè tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé bí a bá ń ka ọmọ ìlú, a kò lè fi Abidjan sílẹ̀. Ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé sílé, títí tí owó Sẹ́fà fi di owó tí a ń ná ní Èjìgbò, tí Faransé sì di èdè tí ìyá arúgbó fi ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Bí o bá bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ni ó ń ṣe ní Abidjan, kò ní í sọ pé òun ń ṣiṣẹ́. "Òwò ni mò ń ṣe," ni yóò wí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni, wọ́n sì ní ìdí. Ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, iṣẹ́ ní ìtumọ̀ tí ó burú: iṣẹ́ àfipáṣe. Títí di òfin ọjọ́ 11 oṣù April 1946, èyí tí a ń fi orúkọ Houphouët-Boigny pè, ìjọba a máa mú ọmọ onílẹ̀ ní túláàsì lọ sí oko kòkó àti kọfí àwọn òyìnbó àti sí ojú irin. Oníṣòwò ni ó wà lómìnira.

Òmìnira náà kò pé. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kó ẹrù. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1970, wọ́n ṣe òfin tí ó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn ènìyàn wa ní ọ̀lẹ níbẹ̀. Òwò tí wọ́n ń ṣe gan-an ni ẹ̀sùn wọn.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan pàdé tí wọ́n ń mú ìwé ìbéèrè kiri ojúlé. Mo tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, tí ó ń fi ọ̀bẹ bó o. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ò ní í ráágó." Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi? Rárá o. N ò ṣiṣẹ́. Oko ni mò ń lọ."

Ọmọ tí ó mú gègé kọ "Kò ṣiṣẹ́" sílẹ̀, ọ̀bẹ kò sì dúró lọ́wọ́ ìyá. Kì í ṣe pé ìyá parọ́, kì í sì í ṣe pé ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó gbọ́. Iṣẹ́ tí ó wà nínú ìkíni jẹ́ ti Yorùbá, ó sì dáhùn sí i. Iṣẹ́ tí ó wà nínú ìwé jẹ́ "work" tí ó wọ aṣọ wa, ó sì mọ̀ pé òun kò ní in.

Bẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìṣirò Nàìjíríà. Ní ìdá mẹ́rin ìkẹyìn ọdún 2020, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́ ni kò ní in. Nígbà tí wọ́n tún gbé ìṣirò jáde fún ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún 2023, ó ti di 4.1. Ṣé iṣẹ́ rọ̀ bí òjò ni? Rárá. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn aláìníṣẹ́. Nísinsìnyí wákàtí kan ṣoṣo tí ó mú owó tàbí èrè wá ti tó. Wọ́n tẹ̀ lé ìpinnu tí àwọn oníṣirò àgbáyé ṣe ní Geneva ní 2013, èyí tí ó tún fẹ "work" lójú dáadáa: ó gbà pé oko tí a ń dá jẹ, oúnjẹ tí a ń sè àti ọmọ tí a ń tọ́, "work" ni gbogbo wọn. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n yára ya "níníṣẹ́" sọ́tọ̀ fún ohun tí a ń ṣe nítorí owó tàbí èrè. Àgbẹ̀ tí ó jẹ́ pé jíjẹ ni púpọ̀ nínú irè oko rẹ̀ wà fún ń ṣe "work", síbẹ̀ kò níṣẹ́.

Èyí mú mi padà sórí ẹ̀gẹ́ ìyá yẹn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò di gaàrí tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò jẹ, díẹ̀ yóò lọ sí ọjà Èjìgbò. Èwo ni yóò pọ̀ jù? Mo bi í. Ó ní òun kò tíì mọ̀; ó di ìgbà tí òun bá rí iye tí wọ́n ń ra gaàrí lọ́jọ́ ọjà, àti bóyá ọkọ̀ yóò wá.